Fíìmù Faransé wo lẹ máa wò? César, Lumières, Delluc, Vigo àti Palme d'Or lórí òṣùwọ̀n

Àmì ẹ̀yẹ ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń yan fíìmù Faransé tí wọ́n máa wò, kò sì sí ohun tó burú níbẹ̀. Fíìmù tí ilẹ̀ Faransé ń gbé jáde lọ́dún kan pọ̀ ju èyí tí ẹnikẹ́ni lè jókòó wò tán. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé àmì ẹ̀yẹ ọ̀hún pọ̀, ojú tí wọ́n fi ń wo fíìmù ò sì dọ́gba. Ẹ wo Miséricorde tí Alain Guiraudie darí. Ó gba Prix Louis-Delluc ní ìparí 2024. Nígbà tí ayẹyẹ César 2025 dé, ìsọ̀rí 8 ni wọ́n ti dárúkọ rẹ̀, ọwọ́ òfo ló sì bá lọ sílé. Fíìmù kan náà ni o. Àwọn tó di òṣùwọ̀n mú ló yàtọ̀.

Kí a tó mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ohun mẹ́rin ni a ó fi wọ̀n wọ́n. Ta ló ń dìbò, mélòó sì ni wọ́n? Èyí ló wúwo jù nínú gbogbo rẹ̀, torí òun ló ń sọ irú fíìmù tó lè borí. Lẹ́yìn ìyẹn, irú fíìmù wo ló lẹ́tọ̀ọ́ láti wọ ìdíje? Oṣù wo ni èsì ń jáde, ṣé fíìmù náà á ti wà níta nígbà yẹn? Èyí tó kẹ́yìn ni owó àti wàhálà: ṣé ẹ ó rí i wò pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìtumọ̀ ní èdè tí ẹ gbọ́?

César: ìbò àwọn oníṣẹ́

Georges Cravenne ló dá Académie des arts et techniques du cinéma, ẹgbẹ́ tó ń fúnni ní César, sílẹ̀ ní 1975. Ayẹyẹ àkọ́kọ́ wáyé ní Paris ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹrin 1976, òṣèré Jean Gabin sì ni alága ọjọ́ náà. Le Vieux Fusil ti Robert Enrico ló gba ti fíìmù tó dára jù. Orúkọ àmì ẹ̀yẹ náà wá láti ọ̀dọ̀ ẹni tó gbẹ́ ère rẹ̀, César Baldaccini, oníṣẹ́ ọnà tó gbajúmọ̀ fún kíki ọkọ̀ àti irin àlòkù bọ ẹ̀rọ tí ń rún wọn pọ̀ di ìdì kan. Bí ẹ bá fojú sí ère náà dáadáa, ẹ ó rí i pé kò jọ èèyàn bíi ti Oscar. Idẹ ni, ó nà ró bí òpó kékeré, ara rẹ̀ sì kún fún wóróbo irin tí wọ́n tẹ̀ mọ́ ara wọn. Ó wúwo ju kílò 3 lọ.

Àwọn tó ń dìbò níbẹ̀ lé ní 4,000, gbogbo wọn ló sì ń jẹun nídìí fíìmù: òṣèré, olùdarí, àwọn tó ń kọ ìtàn, àwọn tó ń to àwòrán pọ̀, àwọn tó ń gba ohùn sílẹ̀, àwọn aránṣọ, àwọn olùgbéjáde. Ìpele méjì ni ìbò wọn. Ní ìpele kìíní, wọ́n á mú láti inú gbogbo fíìmù tó lẹ́tọ̀ọ́, àwọn tí ìbò wọn pọ̀ jù ní ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan á sì di olùdíje. Ní ìpele kejì, wọ́n á mú ẹnì kan. Ayẹyẹ sábà máa ń bọ́ sí òpin oṣù Kejì, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Canal+ ló sì ń gbé e sáfẹ́fẹ́ láìgba owó lọ́wọ́ àwọn òǹwòran ní Faransé.

Ohun tí iye àwọn adìbò yìí ń dá sílẹ̀ ni kí ẹ fi sọ́kàn. Fíìmù tí àwọn èèyàn púpọ̀ kò rí kò lè rí ìbò púpọ̀ gbà. Ìyẹn ló fà á tí fíìmù tó tóbi, tí iṣẹ́ ọwọ́ hàn lára rẹ̀, tí kò sì bí ẹnikẹ́ni nínú jù, fi ń gbilẹ̀ níbẹ̀. Le Dernier Métro gba César 10 ní 1981, Cyrano de Bergerac náà gba 10 ní 1991, Illusions perdues gba 7 ní 2022. Fíìmù ayé àtijọ́ ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: aṣọ, ilé, iná àti ohùn ṣiṣẹ́ gan-an nínú wọn. Ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ fíìmù, ibí gan-an ni kó dúró sí, nítorí pé àwọn oníṣẹ́ ló ń dìbò fún iṣẹ́ ara wọn. Bí César ti aṣọ tàbí ti ohùn bá bọ́ sọ́wọ́ fíìmù kan, ẹ tún un wò lẹ́ẹ̀kejì, kí ẹ fojú sí ohun kan ṣoṣo yẹn.

Òfin ìwọlé: ó gbọ́dọ̀ jẹ́ fíìmù tí Faransé lọ́wọ́ nínú ìgbéjáde rẹ̀, kí ó sì ti wọ ilé sinimá ní Faransé láàárín ọdún tó kọjá. Fíìmù tó gba orí íntánẹ́ẹ̀tì lọ tààrà láìkan ilé sinimá kò lè wọlé. Èdè kì í ṣe ìdíwọ́. Emilia Pérez tó gba 7 ní 2025, èdè Sípéènì ni wọ́n ń sọ jù nínú rẹ̀. Timbuktu ti Abderrahmane Sissako, ọmọ Mauritania, gba 7 ní 2015, ti fíìmù tó dára jù àti ti olùdarí tó dára jù sì wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ èdè Lárúbáwá, Bambara àti Tamasheq ló ń dún nínú rẹ̀ mọ́ Faransé. Ẹni tó bá ń wá fíìmù tí yóò fi kọ́ èdè Faransé, kó kọ́kọ́ wo èdè tí wọ́n ń sọ nínú rẹ̀ kó tó sanwó.

Ibi tí César ti ń kù káàtó ni àwàdà tí gbogbo ìlú fẹ́ràn. Bienvenue chez les Ch'tis ta tíkẹ́ẹ̀tì tó lé ní 20 mílíọ̀nù ní Faransé ní 2008. Nígbà tí César 2009 dé, ìsọ̀rí kan ṣoṣo ni wọ́n ti dárúkọ rẹ̀, kò sì gbà á. Intouchables náà kó ilé sinimá kún, àmọ́ The Artist ló gba ti fíìmù tó dára jù ní 2012. Omar Sy gba ti òṣèrékùnrin tó dára jù lọ́dún yẹn, òun sì ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gbà á. Ní 2018 ni wọ́n tó dá César du public sílẹ̀ fún àwọn fíìmù tí èrò wọ́ lọ wò.

Ọ̀rọ̀ 2020 kò ṣeé fò. Ní oṣù Kejì ọdún yẹn, gbogbo ìgbìmọ̀ tó ń darí Académie kọ̀wé fipò sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ fárígá pé ìjọba inú ilé náà kò hàn sí àwọn. Lálẹ́ ayẹyẹ, wọ́n fún Roman Polanski, tí àwọn obìnrin mélòó kan ti fẹ̀sùn ìwà ipá ìbálòpọ̀ kàn, ní ti olùdarí tó dára jù, òṣèrébìnrin Adèle Haenel sì dìde, ó jáde. Ìgbìmọ̀ tuntun wọlé lẹ́yìn náà, wọ́n sì fi lélẹ̀ pé kí tọkùnrin tobìnrin dọ́gba nínú ìdarí. Ó kan ẹni tó ń yan fíìmù: láti 1976 títí di 2025, obìnrin méjì péré ló gba ti olùdarí tó dára jù, Tonie Marshall ní 2000 àti Justine Triet ní 2024. Bí iṣẹ́ àwọn obìnrin lẹ bá ń wá, tí ẹ bá dúró lórí ìsọ̀rí yẹn nìkan, ẹ ó pàdánù ohun púpọ̀.

Ibi tó yẹ kí ẹ lọ ni ìsọ̀rí fíìmù àkọ́kọ́, èyí tí wọ́n ń fún olùdarí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe fíìmù gígùn rẹ̀ àkọ́kọ́. Lójú tiwa, ìsọ̀rí yìí ló ṣeé gbára lé jù ní gbogbo César. Mounia Meddour gbà á ní 2020 fún Papicha, Alice Diop ní 2023 fún Saint Omer, Louise Courvoisier ní 2025 fún Vingt Dieux. Ní 1984, Euzhan Palcy, ọmọbìnrin Martinique, gbà á fún Rue Cases-Nègres. Ìyá àgbà kan wà níbẹ̀ tó ń fi gbogbo ọjọ́ ṣiṣẹ́ nínú oko ìrèké. Ohun kan ṣoṣo tó ń lé ni pé kí José ọmọ-ọmọ rẹ̀ má bàa gbé àdá wọ oko yẹn láé. Ilé ẹ̀kọ́ ni kó lọ. Ẹnikẹ́ni tí ìyá àgbà tọ́ nílẹ̀ Yorùbá yóò mọ obìnrin yìí lójú ẹsẹ̀.

Lumières: àlejò tó ti pẹ́ nílùú

Wọ́n ní àlejò lójú, kò fi ríran. Àwọn àlejò Lumières ń ríran ní tiwọn. Àwọn akọ̀ròyìn ilẹ̀ òkèèrè tó fi Paris ṣe ibùjókòó ló ń dìbò níbẹ̀. Olùgbéjáde fíìmù Daniel Toscan du Plantier àti akọ̀ròyìn Edward Behr ló dá a sílẹ̀ ní 1995. Oṣù Kìíní ni èsì rẹ̀ sábà máa ń jáde, ṣáájú César.

Nítorí pé ará ilẹ̀ mìíràn ni àwọn akọ̀ròyìn yìí ń kọ̀wé fún, fíìmù tó jẹ́ pé ará Faransé nìkan ló lè lóye rẹ̀ kì í rìn jìnnà lọ́wọ́ wọn. Àǹfààní ńlá nìyẹn fún ẹni tó wà ní Ìbàdàn tàbí Lọ́ńdọ̀nù. Ṣùgbọ́n ẹ má retí ìyàtọ̀ púpọ̀ sí César. La Nuit du 12 ní 2023, Anatomie d'une chute ní 2024, Emilia Pérez ní 2025: àwọn fíìmù yìí kan náà ni méjèèjì mú ní ti fíìmù tó dára jù. Ní 2022 ni ọ̀nà wọn pín. Lumières mú L'Événement ti Audrey Diwan, César mú Illusions perdues. Ẹ wo méjèèjì tẹ̀ lé ara wọn bí àyè bá wà. Ìyàtọ̀ àwọn adìbò á hàn sí yín kedere.

Delluc àti Vigo: àwọn díẹ̀ tó ń jiyàn

Ibí ni àwọn tó ti ń wo fíìmù Faransé bọ̀ ti pẹ́ máa ń padà sí. Prix Louis-Delluc bẹ̀rẹ̀ ní 1937, ó sì ń jẹ́ orúkọ Louis Delluc, alámèyítọ́ fíìmù àti olùdarí tó kú ní 1924. Nǹkan bí 20 èèyàn ló wà nínú ìgbìmọ̀ rẹ̀, alámèyítọ́ sì ni ọ̀pọ̀ wọn. Oṣù Kejìlá ni wọ́n sábà máa ń kéde rẹ̀. Kò sí ìsọ̀rí òṣèré, kò sí ti aṣọ. Fíìmù ni wọ́n ń mú, wọ́n sì ti fi ti fíìmù àkọ́kọ́ kún un láti 1999. Ogún èèyàn lè jókòó kí wọ́n jiyàn, kí ẹnì kan yí ọkàn àwọn yòókù padà. Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí fíìmù tó ṣàjèjì, tó sì ń dá èèyàn láàmú, fi ń rí àyè níbẹ̀. Nígbà mìíràn wọ́n ń bá César pàdé lójú ọ̀nà: Le Règne animal ti Thomas Cailley gba Delluc ní 2023, ó sì gba César 5 ní 2024, àmọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ni márààrún, bí àwòrán, ohùn, aṣọ. Ti fíìmù tó dára jù kò kàn án.

Prix Jean Vigo, tó ń jẹ́ orúkọ olùdarí fíìmù Jean Vigo, kéré ju ìyẹn lọ, kò sì lówó tàbí ariwo. Láti 1951 ni wọ́n ti ń fi í dá olùdarí tí ọ̀nà rẹ̀ dá yàtọ̀ lọ́lá, pàápàá ọ̀dọ́, fíìmù gígùn tàbí kúkúrú. Ojú àwọn tó ń fún un mọ́ gan-an. Jean-Luc Godard gbà á fún À bout de souffle ní 1960, kí ayé tó mọ ohun tí fíìmù yẹn máa dà. Ousmane Sembène gbà á ní 1966 fún La Noire de…, ìtàn Diouana, ọmọbìnrin tó kúrò ní Dakar lọ ṣiṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ ní Antibes. Ó mú ìbòjú onígi kan fún ìyá-ilé rẹ̀ ní ẹ̀bùn. Ẹ máa fojú tẹ̀ lé ìbòjú yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: ọwọ́ ta ló wà, ara ògiri wo ni wọ́n fi kọ́, ta ló tún gbé e wọ̀ nígbẹ̀yìn. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ìbòjú náà ló ń sọ ìtàn.

Ní 1954, wọ́n fún Les statues meurent aussi ti Alain Resnais àti Chris Marker ní Vigo. Présence Africaine, ìwé ìròyìn àwọn aláwọ̀ dúdú ní Paris, ló ní kí wọ́n ṣe é. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú péré ni, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì dá lórí ère ilẹ̀ Áfíríkà tí wọ́n kó lọ sínú gíláàsì ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Ìjọba Faransé dènà rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ Dahomey ti Mati Diop, dọ́kúmẹ́ńtárì ìṣẹ́jú 68 tó gba Golden Bear, àmì ẹ̀yẹ tó ga jù ní àjọ̀dún fíìmù Berlin, ní 2024. Ó tẹ̀ lé ohun ọ̀ṣọ́ ọba 26 tí Faransé dá padà sí orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ní 2021. Ère Ghezo, ọba Dahomey, ń sọ̀rọ̀ ní èdè Fọ̀n láti inú àpótí tí wọ́n fi gbé e. Ghezo tí àwọn Ẹ̀gbá lé padà lẹ́nu odi Abẹ́òkúta ní 1851 náà ni, nítorí náà kì í ṣe ìtàn ẹlòmíì rárá fún wa. Nígbà tó yá, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì Abomey-Calavi dìde, wọ́n ń jiyàn bóyá 26 tó nǹkan kan lára gbogbo ohun tí wọ́n kó. Ìjiyàn yẹn ló dára jù nínú fíìmù náà. César 2025 dárúkọ rẹ̀ ní ìsọ̀rí dọ́kúmẹ́ńtárì, La Ferme des Bertrand ló sì gbà á. Ẹni tó bá fi César nìkan ṣe atọ́nà lè má gbọ́ nípa rẹ̀ láé, ohun tó sì dùn wá jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn.

Palme d'Or

Èyí ni àmì ẹ̀yẹ tó ga jù ní àjọ̀dún fíìmù Cannes, kì í sì í ṣe ti fíìmù Faransé nìkan. Oṣù Karùn-ún ni ní Cannes, ìgbìmọ̀ èèyàn bíi 9 ló ń mú un, ọdọọdún ni wọ́n sì ń pààrọ̀ wọn. Nítorí náà, kò sí ohun tí a lè pè ní ìfẹ́-ọkàn Palme d'Or. Ẹ gbọ́dọ̀ mọ ìgbìmọ̀ ọdún yẹn. La Vie d'Adèle gba Palme ní 2013, ìsọ̀rí 8 ni César 2014 dárúkọ rẹ̀ sí, ẹyọ kan ló bọ́ sọ́wọ́ rẹ̀. Anatomie d'une chute gba Palme ní 2023, ó sì gba César 6 lẹ́yìn oṣù mẹ́sàn-án. Bí fíìmù kan bá gba méjèèjì, àwọn díẹ̀ tó jiyàn gbà á, àwọn púpọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ náà gbà á. Kò wọ́pọ̀, ó sì yẹ kí ẹ wá a rí.

Àléébù Palme ni àkókò. Wọ́n lè kéde rẹ̀ kí fíìmù náà tó wọ ilé sinimá, kí ẹ tún dúró fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ní ọ̀nà kejì, fíìmù tó gbà á sábà máa ń rí olùrà ní ilẹ̀ púpọ̀, torí náà òun ló rọrùn jù láti rí pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìtumọ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì.

Ohun tó ń ṣi èèyàn lọ́nà

Ewé tó yí ọ̀rọ̀ ká lára pósítà ló ń tan èèyàn jù. Ẹ ka ohun tó wà láàárín ewé náà. «Sélection officielle» túmọ̀ sí pé wọ́n gbà á wọlé ni, kò tíì gba nǹkan kan. «Nommé» túmọ̀ sí pé wọ́n dárúkọ rẹ̀. «Lauréat», tàbí iye bíi «7 César», ni ẹ̀rí pé ó gbà á. Cannes pàápàá ní abala tó ju ọ̀kan lọ. My Father's Shadow ti Akinola Davies Jr., tí ìtàn rẹ̀ ṣẹlẹ̀ l'Ékòó nígbà ìdìbò 1993, wọ Un Certain Regard ní 2025. Òun ni fíìmù Nàìjíríà àkọ́kọ́ nínú àkójọ àṣàyàn Cannes, ó sì gba ìdárúkọ àkànṣe láti ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ Caméra d'Or, àmì ẹ̀yẹ Cannes fún fíìmù àkọ́kọ́. Ìyìn ńlá ni, ṣùgbọ́n abala yẹn kì í du Palme.

Ọdún náà ń dàrú mọ́ni lójú. César 2024, fíìmù 2023 ló ń wọ̀n. Bí ẹ bá fi ọdún ayẹyẹ wá fíìmù nínú àkójọ, ẹ lè má rí i. Orúkọ tún ń jọ ara wọn: Les Misérables ti Ladj Ly tó gba César 2020 kì í ṣe fíìmù olórin 2012. Ìgboro Montfermeil àti àwọn ọlọ́pàá òde òní ló wà nínú rẹ̀. Ẹ fi orúkọ olùdarí kún orúkọ fíìmù nígbà gbogbo.

Ní ti èdè, VF ni ohùn Faransé, VOSTFR ni ohùn àtilẹ̀wá pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìtumọ̀ ní Faransé, VOSTA ni ti Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó bá ra díìsì láti Faransé, kó wo ẹ̀yìn páálí rẹ̀ dáadáa: ọ̀pọ̀ wọn kò ní ọ̀rọ̀ ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, DVD ibẹ̀ sì jẹ́ Region 2 (nọ́ńbà agbègbè tí ẹ̀rọ ti lè kà á), ẹ̀rọ tí wọ́n rà ní Amẹ́ríkà lè kọ̀ láti kà á. Ti Lọ́ńdọ̀nù kò ní ìṣòro yẹn, Region 2 ni tiwọn náà. Kí ẹ tó náwó, ẹ béèrè ní ilé àṣà Faransé ní Kútọnu, Lomé tàbí Èkó, kí ẹ sì wo TV5MONDEplus, kì í gba owó.

Ta ni kó mú èwo?

Ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ fíìmù, César ni kó mú, ìsọ̀rí iṣẹ́ ọwọ́ ni kó sì fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ fíìmù kan tí ọkọ, aya àti àwọn ọmọ tó ti dàgbà lè jọ wò láìsí àlàyé púpọ̀, Lumières kò ní já a kulẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ èdè Faransé, César pẹ̀lú àyẹ̀wò èdè. Ẹni tó ti rí fíìmù púpọ̀, tó sì ń wá ohun tí kò rí irú rẹ̀ rí, Delluc. Ẹni tí kò ní àyè láti ṣàwárí, tó kàn fẹ́ èyí tó máa rí wò kíákíá, Palme d'Or.

Ẹgbẹ́ tó ń wo fíìmù pọ̀ ní Àjàṣẹ́, Kétu tàbí Abẹ́òkúta, Vigo ni kí ẹ mú, kí ẹ fi Les statues meurent aussi ṣáájú, kí Dahomey tẹ̀ lé e. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú 98, ẹ ó sì ní wákàtí kan lọ́wọ́ fún àríyànjiyàn. Ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀ wò ṣáájú, nítorí ohùn ère nínú Dahomey wúwo, ó sì lọ sílẹ̀. Gbohùngbohùn kékeré kì í gbé e jáde.

Ẹni tó jẹ́ pé alẹ́ kan ṣoṣo ló ní, Rue Cases-Nègres ni kó wò.